Kọ́mà Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, mo sì fẹ́ ká bá ara wa sọ ọ́ gbangba. Bí olùkọ́ kan bá dá iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wa padà, tó fi bírò pupa yí gbogbo ibi tó yẹ kí kọ́mà wà ká, ohun tí a máa ń sọ ni pé: "Yorùbá ni mo wá kọ́ o. Èwo ni tèmi nínú kọ́mà Òyìnbó?" Àwọn tó wà nítòsí á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òótọ́ ni. Ẹlòmíì á fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí òun sọ á gbọ́.

Mi ò gbà. Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ yín ò ní dùn sí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n sinmi: nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yunifásítì, àwa tí à ń kọ́ Yorùbá gan-an ni kò yẹ ká bá lára àwọn tó ń fojú kéré àmì.

Ẹ wo ohun tí a máa ń ṣe fún ẹni tó bá kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i. Kí pátákó ìpolówó ọjà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lójú títì, kí àwọn tó ṣe é gbàgbé àmì lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, fọ́tò rẹ̀ á ti dé orí WhatsApp wa kí ilẹ̀ tó ṣú. A ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, a ó ní wọ́n ti ba èdè baba wa jẹ́. Bí ẹnì kan bá dá wa lóhùn pé "ṣebí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ", inú á bí wa. A ó ní kì í ṣe òǹkàwé ló yẹ kó máa rò ó kiri kó tó mọ ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. A ó rán an létí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá láti 1965, pé ìjọba sì ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí láti 1974, nítorí náà kò sí àwáwí mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni kan náà tó ń sọ gbogbo èyí á wá jókòó, á kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: ìlà mẹ́jọ, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo, ìyẹn náà sì jẹ́ ti ìparí.

Ṣùgbọ́n kí n tó bá yín jà tán, ẹ jẹ́ ká lé àwàdà kan kúrò lọ́nà. Gbogbo wa la ti rí i: "Let's eat Grandma" àti "Let's eat, Grandma". Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ife, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, àwọn olùkọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Lójú tèmi, àpẹẹrẹ yẹn ti pa kọ́mà lára ju bó ti ràn án lọ́wọ́ lọ. Kò sí ẹni tó máa ka ti àkọ́kọ́ tó máa sáré wá ọ̀bẹ. Orí òǹkàwé á tún un ṣe fúnra rẹ̀, nítorí èèyàn kì í jẹ ìyá àgbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń sọ pé kọ́mà ò ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ irú èyí nìkan ló ń ṣe, wọn ò jẹ̀bi. Ibi tí ewu wà gan-an kọ́ ni gbólóhùn tí ìtumọ̀ rẹ̀ kan jẹ́ ti wèrè, tí èkejì jẹ́ ti ọlọgbọ́n. Gbólóhùn tó ní ìtumọ̀ méjì, tí méjèèjì bọ́gbọ́n mu, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Òǹkàwé á gbé èyí tí kì í ṣe tìrẹ lọ, kò sì ní mọ̀ láé pé òmíràn wà.

Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, lọ́jọ́ Ẹtì kan, aṣojú kíláàsì kan fi ìkéde yìí sórí WhatsApp, mo dà á kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà: "The test will not hold on Monday as announced on Wednesday everybody should come with their ID cards". Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn kan nínú wa dúró lẹ́yìn "announced": ìdánwò ò ní wáyé lọ́jọ́ Ajé bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́rú, kí kálukú mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Àwọn kan dúró lẹ́yìn "Wednesday": ìdánwò ò ní wáyé lọ́jọ́ Ajé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ti sọ lọ́jọ́rú tó lọ, kí kálukú sì máa mú káàdì rẹ̀ dání. Àwọn tó kà á báyìí kẹ́yìn jókòó, wọ́n ń retí ọjọ́ tuntun. Ọjọ́rú dé, wọ́n ṣe ìdánwò náà, máàkì 15 sì lọ mọ́ àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ bẹ olùkọ́, ó ní ìkéde wà nílẹ̀, ṣé wọn ò lè kàwé ni? Wọ́n kà á. Kò sí ọ̀lẹ kankan nínú wọn, kò sì sí ẹni tó ṣì í kà.

Ohun tí aṣojú kíláàsì náà ń sọ títí di òní ni pé "ó yé mi nígbà tí mo ń kọ ọ́". Dájúdájú ó yé e! Ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ létí. Ó mọ ibi tí òun ti mí, ó mọ ibi tí òun ti gbé ohùn sókè. Ohùn yẹn kì í bá ọ̀rọ̀ wọ inú fóònù ẹlòmíì. Torí èyí gan-an ni wọ́n fi dá àwọn àmì tí a fi ń pín gbólóhùn sílẹ̀. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ máa ń kọ̀wé ní àkọpọ̀, láìfi àyè sáàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Ní nǹkan bí igba ọdún kí wọ́n tó bí Jésù ni Aristophanes ará Byzantium, tó jẹ́ olórí ilé ìkàwé Alexandria, bẹ̀rẹ̀ sí í to àmì tóótòòtó sáàárín ọ̀rọ̀ kí ẹni tó ń kà á sókè lè mọ ibi tó ti máa dánu dúró. Àtìgbà yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ náà ò ti yí padà: ẹni tó kọ ọ́ kò sí níbẹ̀, àmì ló ń sọ̀rọ̀ fún un.

Ibi tó wá kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gírámà nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi dé ibẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi lé àmì lọ́wọ́. Bí mo bá kọ "Ṣé ó ti lọ", kódà bí mo bá gbàgbé àmì ìbéèrè, ìbéèrè ni. "Ṣé" ti sọ ọ́ kí ojú tó dé ìparí ìlà. "Ǹjẹ́" náà á sọ ọ́, "bí" á sọ ọ́, "ńkọ́" á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n "He has left" ńkọ́? Nínú irú ìjíròrò tí à ń tẹ̀ sórí fóònù, àmì ìbéèrè nìkan ló máa jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ò ń sọ fún mi ni tàbí ò ń bi mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ni" ṣe máa ń tọ́ka sí ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́ nínú gbólóhùn, tí kò fi di dandan ká wá nǹkan míì fi fà á yọ. Èdè wa ti fi ọ̀pọ̀ nǹkan sẹ́nu ọ̀rọ̀, ó sì ti sọ wá di ẹni tí kì í wo àmì.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń to gbólóhùn. "Mo lọ sọ́jà, mo ra iṣu, mo gbé e wálé, mo gún un." Ó dùn, ó ń rìn bí ìlù, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, kí o tún wá fi kún un, kí o yọ kọ́mà kúrò bí a ṣe máa ń yọ ọ́: "The lecturer came late he did not apologise we were angry nobody talked". Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kí odidi gbólóhùn gùn lé òmíràn lẹ́yìn báyẹn láìsí ọ̀rọ̀ asopọ̀ tàbí àmì tó le ju kọ́mà lọ. Bí àwọn olùkọ́ bá rí irú rẹ̀, wọ́n á ní a ò ronú. A ronú dáadáa. Gírámà ilé wa la gbé wọ ilé onílé láìbọ́ bàtà. Ẹni tó mọ gírámà méjèèjì ló yẹ kó tètè rí i, a sì ń pe ara wa ní ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Èyí tó wá ń dẹ́rù bà mí jù ni "tí". "Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ìbàdàn ti ṣègbéyàwó." Ẹ̀gbọ́n mélòó ni mo ní? Gbólóhùn yẹn ò sọ. Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ ọ́, kọ́mà ló sì fi ń sọ ọ́. "My brother who lives in Ibadan is married": ẹ̀gbọ́n mi ju ẹyọ kan lọ, ti Ìbàdàn ni mò ń wí. "My brother, who lives in Ibadan, is married": ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, mo kàn ń fi ibi tó ń gbé kún un ni. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lásán ni. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n gbé ìròyìn kan fún ọ pé kí o túmọ̀ rẹ̀: "The women who had been vaccinated were sent home." Àwọn kan ti gba abẹ́rẹ́, àwọn kan ò tíì gbà á, àwọn tó ti gbà á nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Fi kọ́mà méjì sí i: "The women, who had been vaccinated, were sent home." Gbogbo wọn ló ti gbà á, gbogbo wọn ló lọ. Bí o bá fi "àwọn obìnrin tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́" túmọ̀ méjèèjì, o ti purọ́ nínú ọ̀kan. O gbọ́dọ̀ tú ìkejì ká, kí o kọ ọ́ bíi "gbogbo àwọn obìnrin náà ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé". Ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá rí kọ́mà ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa máa fi jẹun sì nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ka ìròyìn lórí rédíò, ẹ lè jẹ́rìí mi: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń gbé fún yín, ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó jókòó sídìí maikirofóònù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé ìlera fún àwọn abúlé, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ta ló máa gba àwọn ará abúlé sílẹ̀ bí ògbufọ̀ wọn bá ń fò kọ́mà bí ẹni fo kòtò?

Bí ẹnì kan bá ṣì ń rò pé àsọdùn ni, ẹ jẹ́ ká lọ sí Maine, ní Amẹ́ríkà. Òfin ìpínlẹ̀ náà sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ san ìlọ́po kan àbọ̀ owó rẹ̀ fún wákàtí tó lé. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó jẹ mọ́ oúnjẹ tó lè tètè bàjẹ́. Ó tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀: canning, processing, preserving, freezing, drying, marketing, storing, lẹ́yìn náà "packing for shipment or distribution". Ẹ wo ìparí yẹn dáadáa. Kò sí kọ́mà lẹ́yìn "shipment". Ṣé iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, dídi ẹrù lọ́tọ̀, pípín in kiri lọ́tọ̀? Àbí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, ìyẹn dídi ẹrù, yálà èyí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ tàbí èyí tí wọ́n fẹ́ pín?

Àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ wàrà kan tó ń jẹ́ Oakhurst Dairy kì í di ẹrù. Wọ́n ń pín in kiri ni. Bí pípín bá dá dúró nínú òfin, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lórí wákàtí tó lé. Bí kò bá dá dúró, ilé iṣẹ́ jẹ wọ́n ní gbèsè ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé iṣẹ́ ní pípín dá dúró, pé ìwé ìlànà àwọn tó ń kọ òfin ní Maine gan-an ló ní kí wọ́n má fi kọ́mà síwájú ohun tó kẹ́yìn nínú irú àtòjọ bẹ́ẹ̀. Àwọn awakọ̀ ní kí wọ́n wo ìrísí àwọn ọ̀rọ̀ náà: gbogbo iṣẹ́ tí òfin yọ sílẹ̀ ló parí sí "-ing", "distribution" ò parí sí i, "shipment" ló bá ṣe ẹgbẹ́, abẹ́ "packing for" ni méjèèjì wà. Ẹ̀yin ará, àríyànjiyàn mofọ́lọ́jì ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù! Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ilé iṣẹ́. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Boston sọ pé gbólóhùn náà ò dá ṣáká, àti pé níbi tí òfin owó òṣìṣẹ́ ò bá ti dá ṣáká ní Maine, ti òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n gbè. Nígbà tó di 2018, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là kí ọ̀rọ̀ lè parí. Àwọn aṣòfin náà ti tún òfin wọn kọ lẹ́yìn ìdájọ́ 2017 náà: wọ́n fi semicolon sáàárín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ "distribution" di "distributing".

Kò sí ìyá àgbà kankan tí wọ́n fẹ́ jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Agbẹjọ́rò tó gbọ́n wà lápá ọ̀tún, agbẹjọ́rò tó gbọ́n wà lápá òsì, kálukú wọn sì ka ohun tó wà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ míì wà tí àwọn olólùfẹ́ kọ́mà máa ń gbé lárugẹ, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbé e lé orí jù. Ọmọ Ireland kan wà, Roger Casement, tó ti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní agbègbè Calabar níbí láàárín 1892 sí 1895. Ní 1916 wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án nítorí ohun tó ṣe ní Jámánì. Òfin tí wọ́n fi mú un ti wà láti 1351, agbẹjọ́rò rẹ̀ sì jiyàn lórí ibi tí àpólà ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ so mọ́, débi pé àwọn adájọ́ lọ wo ìwé òfin àtijọ́ náà fúnra wọn. Wọ́n so ó kọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Àwọn kan ní kọ́mà ló pa á. Èmi rò pé ogun ló pa á. Ìjọba tó wà lójú ogun á rí ọ̀nà míì gbà. Ti àwọn awakọ̀ Maine lágbára jù ú lọ, torí pé níbẹ̀ kò sí ohun míì tí a lè di ẹ̀bi rù.

Mo mọ àwọn èsì tó ń bọ̀. Ẹnì kan á ní Amos Tútùọlá ńkọ́, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì tó wù ú ló kọ, tí gbogbo ayé sì ń kà á? Ẹ ṣí *The Palm-Wine Drinkard*, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1952. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi Yorùbá rò ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́mà kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn sinmi.

Ẹlòmíì á ní ẹrú èdè Òyìnbó ni mò ń ṣe. Èmi náà fẹ́ kí a máa kọ nǹkan ní Yorùbá ju bí a ṣe ń ṣe lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kẹ́gàn kọ́mà nínú Gẹ̀ẹ́sì kì í rántí rẹ̀ nínú Yorùbá náà. "Bàbá Adé ti dé." "Bàbá, Adé ti dé." Gbogbo àmì ohùn ló pé sórí méjèèjì, àmì ìsàlẹ̀ kankan ò sọnù. Síbẹ̀, nínú ọ̀kan, bàbá ló dé. Nínú èkejì, ọmọ ló dé, bàbá ni wọ́n ń sọ fún. Méjèèjì bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó gba irú ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù láìsí kọ́mà á bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ fún ẹni tí kò wá.

Èyí tó kù ni ti àwọn tó ní fóònù á tún un ṣe, pé ẹ̀rọ ti wà tó ń fi kọ́mà síbi tó yẹ. Ó ń fi í síbì kan lóòótọ́. Gbé ìkéde ìdánwò wa yẹn fún un, á tò ó lẹ́sẹẹsẹ, á fi àmì ìdánudúró síbì kan, gbólóhùn á sì rí bíi ti ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n kò sí ní kíláàsì wa lọ́jọ́rú tó lọ, kò sì mọ ohun tí olùkọ́ sọ fún aṣojú wa. Ibi tó bá wù ú ló máa dánu dúró sí, ìwọ á sì rí i pé ó mọ́ tónítóní, wàá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn ń kọ àṣamọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ báyìí. Mo ti ka mẹ́ta. Nínú ọ̀kan, mi ò mọ̀ bóyá gbogbo oníjálá tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ló ti darúgbó, àbí àwọn tó ti darúgbó nìkan ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mo bi í. Ó ní ṣebí ó yẹ kí n mọ̀.

Ẹni tó bá ní èsì sí ọ̀rọ̀ mi, kó kọ ọ́ wá, a ó gbé e síbí láìyọ ohunkóhun kúrò. A ò ní fi kọ́mà kankan kún un fún un.